Etí Ni, Kì Í Ṣe Orí

[Ọjọ́bọ̀ ni, oòrùn ti kan àtàrí. Mùtíù ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Gàfárù. Gàfárù wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ní Ẹgbẹ́dá, ẹ̀rọ sì ń lọ lọ́wọ́. Mùtíù wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀jẹ̀lẹ́ kòkó, kòkó kékeré tí wọ́n máa lọ gbìn sóko, lẹ́bàá Lálúpọn, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù tó kọjá. Inú ti ń bí àwọn méjèèjì kí fóònù tó dún rárá.]

GÀFÁRÙ: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ta nìyẹn?

MÙTÍÙ: Bọ̀dá, ẹ káàsán o. Mùtíù ni. Ẹ kú iṣẹ́.

GÀFÁRÙ: Ta ni?

MÙTÍÙ: Mùtíù!

GÀFÁRÙ: Áà! Ẹni ńlá. Àgbẹ̀ aláṣeyọrí. Káàsán o. Ṣé dáadáa lo wà?

MÙTÍÙ: Alámùdù lílà. Ìyá Kifayah ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ—

GÀFÁRÙ: Wọ́n wà. Bẹ́líìtì já lánàá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó já, ó nà mí lápá bí ẹgba. Èmi nìkan ni mo wá òmíràn, èmi nìkan ni mo fi sí i. Àwọn obìnrin to ike ata dé etí títì, wọ́n ń pè mí ní ọ̀lẹ. Èmi Gàfárù!

MÙTÍÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín—

GÀFÁRÙ: Kí lo wí?

MÙTÍÙ: Mo ní mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan!

GÀFÁRÙ: Network yìí ò dáa. Ṣé o gbọ́ mi?

MÙTÍÙ: Mo gbọ́ yín. Ẹ ò lè jìnnà sídìí ẹ̀rọ yẹn díẹ̀ ni?

GÀFÁRÙ: Kí n jìnnà, kí n fi ta ni síbẹ̀? Ìwọ tó yẹ kó o dúró níbẹ̀, ewé lò ń bomi rin.

[Ẹ̀rọ bú ramúramù. Obìnrin kan ń pariwo pé ata òun ò kúnná, kí wọ́n dá a padà sẹ́nu ẹ̀rọ.]

GÀFÁRÙ: Ìyáàfin, ẹ ní sùúrù! Ọwọ́ kan ni mo ní! Mùtíù, tètè sọ̀rọ̀.

MÙTÍÙ: Ṣé Alájì Roheem wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?

GÀFÁRÙ: Roheem wo?

MÙTÍÙ: Ẹ̀gbọ́n bàbá Mùjíbátù. Mùjíbátù tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, bọ̀dá, ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá sílé.

GÀFÁRÙ: Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá lọ nǹkan níbí. Ṣé orúkọ wọn ni kí n máa há sórí ni?

MÙTÍÙ: Ó wá àbí kò wá?

GÀFÁRÙ: Ó gbé àgbàdo wá.

MÙTÍÙ: Bọ̀dá!

GÀFÁRÙ: Àgbàdo ló gbé wá! Mo bá a lọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Ó jókòó, a jọ sọ̀rọ̀. Ó bi mí, mo dá a lóhùn. Ṣé kí n máa wo àgbàlagbà níran ni?

MÙTÍÙ: Ìwádìí ló wá ṣe! Ta ló ń gbé àgbàdo láti Alákíà wá sí Ẹgbẹ́dá? Ṣé kò sí ẹ̀rọ ní Alákíà ni? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ fún èèyàn, wọ́n á wá wo ilé rẹ̀ bí oníbàárà. Bàbá wa náà ṣe é nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ ìyá Kifayah. Iṣu ni wọ́n ní àwọn lọ rà.

GÀFÁRÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Hẹ́lò?

MÙTÍÙ: Mo gbọ́ yín! Kí lẹ sọ fún un?

GÀFÁRÙ: Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún un.

MÙTÍÙ: Èwo ni òtítọ́ ọ̀rọ̀?

GÀFÁRÙ: Pé o pa ẹ̀rọ tó tọ́ ọ dàgbà tì. Pé o kó ẹrù rẹ jáde láìdágbére. Ó ní kí ló dé. Mo ní ó ń gbọ́ ariwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

MÙTÍÙ: Sùbùhánallàhi!

GÀFÁRÙ: Ṣé irọ́ ni? Ṣé kì í ṣe ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́? O ní bí kò tiẹ̀ sí ẹ̀rọ, bí kò sí ọkọ̀, bí gbogbo ilé ti sùn, ó ṣì ń hó ṣíììì bí ìkòkò omi.

MÙTÍÙ: Etí mi ló ń hó! Etí!

GÀFÁRÙ: Mo dárúkọ etí.

MÙTÍÙ: Ẹ ò dárúkọ ẹ̀! Tàbí tí ẹ bá dárúkọ ẹ̀, ohun tí bàbá yẹn gbọ́ ni wèrè. Ta ló ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tí wọn ò ní pè ní wèrè? Ẹ sọ ọ́ fún oníwàádìí, bọ̀dá. Oníwàádìí! Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó wò ó bóyá wèrè wà nílé wa, bóyá wárápá wà, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà!

GÀFÁRÙ: Má pariwo mọ́ mi.

MÙTÍÙ: Tí mi ò bá pariwo, ẹ ò ní gbọ́!

[Ẹ̀rọ ṣì ń lọ.]

MÙTÍÙ: Ẹ tún sọ̀rọ̀ òwú fún un.

GÀFÁRÙ: Òwú ńkọ́?

MÙTÍÙ: Ẹ ní mò ń fi òwú dí etí bí òkú.

GÀFÁRÙ: Ṣé o kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Mo wọlé láàárọ̀ Sátidé kan, mo bá ọmọ ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó fara ti ògiri, ó dijú, òwú funfun yọ létí rẹ̀ méjèèjì. Mùtíù, lára ta la ti ń rí òwú bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ki òwú sétí bàbá wa lọ́jọ́ tí a wẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ mi yìí! Mo pè ọ́, o ò jẹ́. Mo tún pè ọ́, o ò jẹ́. Mo ti ń sọ pé ínnà lílà, mo rò pé o ti lọ.

MÙTÍÙ: Mi ò gbọ́ yín ni. Òwú wà létí mi.

GÀFÁRÙ: Ó dáa, ó wà létí rẹ. Alààyè ń fi òwú òkú ṣeré.

MÙTÍÙ: Nígbà tí mo lajú, kí lẹ ṣe?

GÀFÁRÙ: Kí ni mo ṣe?

MÙTÍÙ: Ẹ gbá mi létí.

GÀFÁRÙ: Kí lo wí?

MÙTÍÙ: Mo ní ẹ gbá mi létí! Etí tó ń dùn mí gan-an lẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè fẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹ wá ní mi ò dágbére. Irú ìdágbére wo lẹ tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?

GÀFÁRÙ: Bí o bá tún ṣe é lójú mi, mà á tún gbá ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí.

[Omi ń dà lọ́dọ̀ Mùtíù, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ike wọ́n omi sára ewé. Ó mí kanlẹ̀.]

MÙTÍÙ: Mo lọ sí hospital, bọ̀dá. Wọ́n yẹ etí mi wò. Dókítà ní tinnitus ni.

GÀFÁRÙ: Ti-kí-ni? Orúkọ àrùn nìyẹn àbí orúkọ ọṣẹ?

MÙTÍÙ: Òun ni wọ́n ń pe kí etí máa hó. Wọ́n ní ariwo ẹ̀rọ ló ba nǹkan jẹ́ nínú etí mi. Wọ́n ní tí mi ò bá kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó máa burú sí i. Ṣíbí tó bá kan abọ́ lásán, àfi bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi lágbárí. Ọmọdé tó bá ké, mo máa ń fẹ́ sá jáde. Ọlọ́kadà tó bá fọn fèrè, àyà mi á já, màá máa làágùn.

GÀFÁRÙ: Lausipíkà mọ́ṣáláṣí ńkọ́?

MÙTÍÙ: Ìyẹn náà.

GÀFÁRÙ: Ó yá, ìyẹn náà! Lẹ́mọ́mù béèrè rẹ lójú gbogbo èèyàn, ojú tì mí. Ṣé o mọ ẹni tó máa ń sá tí wọ́n bá ń pe ìrun?

MÙTÍÙ: Bọ̀dá, ẹ má sọ ọ́.

GÀFÁRÙ: Ṣàítánì ni!

MÙTÍÙ: Èmi lẹ̀ ń pè ní Ṣàítánì?

GÀFÁRÙ: Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo ní kó o mọ ẹni tó ń sá ni.

MÙTÍÙ: Mò ń kírun níbí! Mọ́ṣáláṣí kékeré wà lábúlé, wọn ò ní lausipíkà, ẹnu ni wọ́n fi ń pe ìrun. Ṣé Bílálì tó kọ́kọ́ pe ìrun ní lausipíkà ni?

GÀFÁRÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Ò ń já.

MÙTÍÙ: Mi ò já! Mo ní ṣé Bílálì ní lausipíkà?

GÀFÁRÙ: Má fi ẹ̀sìn bú mi.

[Obìnrin kan bi Gàfárù léèrè pé ta ló ń bá jà. Ó ní àgbẹ̀ kan báyìí ni. Ẹ̀rín sọ.]

GÀFÁRÙ: Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn gan-an? Sọ fún mi kí n lè sọ fún àwọn tó ń bi mí.

MÙTÍÙ: Mò ń bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá. Mò ń gbin kòkó sínú ẹ̀. Mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìró omi yẹn, òun ló ń bo ti etí mi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ibi tó bá dákẹ́ jù ni ó ti máa ń hó jù, ibi tó bá sì pariwo ni ó ti máa ń dùn mí. Ibí yìí nìkan ni mo ti rí àárín méjèèjì.

GÀFÁRÙ: Ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ bàbá ẹ̀, ó lọ ń fún ewé lómi mu lóko olóko. Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

MÙTÍÙ: Mi ò sọ ilé nù. Ilé ló lé mi.

GÀFÁRÙ: Ó dáa, gbọ́. Gbọ́ mi. Jẹ́ ká pa á pọ̀. Wá padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tó o bá ti dé, èmi fúnra mi á lọ bá Alájì Roheem. Mà á sọ fún un pé ara rẹ ti yá.

MÙTÍÙ: Ara mi ti yá kúrò nínú kí ni?

GÀFÁRÙ: Nínú... nínú ohun tó ń ṣe ọ́.

MÙTÍÙ: Háà! Kó lè dá wọn lójú pé wèrè ni mo ya tẹ́lẹ̀! Bọ̀dá, ẹ fẹ́ gbẹ́ sàréè mi lẹ́ẹ̀mejì ni?

GÀFÁRÙ: Tó o bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ lọ tọrọ ọmọ. Ìwọ nìkan ni kó o dá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. A ó wò ó bí wọ́n á ṣe fi ọmọ fún ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n.

MÙTÍÙ: Wọn ò ní kí a wá mọ́.

GÀFÁRÙ: Kí lo wí?

MÙTÍÙ: Wọn ò fẹ́ kí a wá mọ́! Mùjíbátù pè mí láàárọ̀ yìí, ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ̀ ti ní kó pa mí tì. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí bàbá ẹ̀ wí?

GÀFÁRÙ: Kí ló wí?

MÙTÍÙ: Ó ní àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún ilé tí wèrè wà. Ilé, bọ̀dá. Kò ní Mùtíù. Ilé ló pè é. Ilé bàbá wa.

[Gàfárù da ata sẹ́nu ẹ̀rọ.]

MÙTÍÙ: Ibo ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Kifayah ti ń wá?

GÀFÁRÙ: Má fẹnu kan ọmọ mi.

MÙTÍÙ: Alákíà kan náà ni. Ṣé ẹ rò pé àwọn ìyẹn ò ní gbé àgbàdo tiwọn wá ni? Ṣé ẹ rò pé wọn ò ní kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Alájì Roheem kí wọ́n bi í?

GÀFÁRÙ: Mo ní má fẹnu kan Kifayah!

MÙTÍÙ: Ẹnu yín lẹ fi kàn án! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tótó, ó ṣe bí òwe. Ẹ̀yin lẹ lòwe.

GÀFÁRÙ: Èmi lò ń pòwe fún? Ìwọ Mùtíù? Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n! Ariwo lo ní o kórìíra? Ariwo ló lé ọ kúrò nílé? Ó yá, gbọ́ ọ! Gbọ́ ọ dáadáa!

[Ó gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìró náà ya wọlé, irin ń lọ irin, bẹ́líìtì ń na afẹ́fẹ́. Mùtíù ké, ó ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Fóònù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ewé ń dún wérewère. Ó pẹ́ kó tó gbé e.]

GÀFÁRÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

MÙTÍÙ: Ìkà ni yín.

GÀFÁRÙ: Hẹ́lò?

MÙTÍÙ: Mo ní ìkà ni yín! Omi ń jáde lójú mi. Ẹ fi ẹ̀rọ sí mi létí!

GÀFÁRÙ: Èmi náà wà nídìí ẹ̀ ńbí. Orí mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ẹ̀. Ṣé mo ké? Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́.

MÙTÍÙ: Ẹ tún un sọ.

GÀFÁRÙ: Pé kí ni?

MÙTÍÙ: Ẹ ní ẹ ò gbọ́ ọ mọ́?

GÀFÁRÙ: Ó ti mọ́ mi lára. Ọkùnrin ni mí.

[Ohùn Mùtíù yí padà, àmọ́ ìbínú ò tíì kúrò nínú rẹ̀.]

MÙTÍÙ: Bọ̀dá, etí wo lẹ fi fóònù sí?

GÀFÁRÙ: Ọ̀tún. Kí ló dé?

MÙTÍÙ: Ẹ gbé e sí òsì.

GÀFÁRÙ: Nítorí kí ni?

MÙTÍÙ: Ẹ ṣáà gbé e síbẹ̀. Please.

[Fóònù ha aṣọ bó ṣe ń lọ sí etí òsì.]

MÙTÍÙ: Bọ̀dá, mò ń sọ̀rọ̀ o. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?

GÀFÁRÙ: Hẹ́lò?

MÙTÍÙ: Mò ń sọ̀rọ̀! Bọ̀dá! Bọ̀dá Gàfárù! Mò ń pariwo!

GÀFÁRÙ: Hẹ́lò? Mùtíù? O ti gé e? Ẹ wo ọmọ aláìmoore yìí, ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

[Fóònù tún ha aṣọ, ó padà sí ọ̀tún.]

MÙTÍÙ: Mi ò gé e.

GÀFÁRÙ: Àṣé o wà níbẹ̀? Ibo lo lọ?

MÙTÍÙ: Mi ò lọ síbì kankan. Mo pariwo títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń wò mí.

GÀFÁRÙ: Network ni.

MÙTÍÙ: Kì í ṣe network. Láti ìgbà tí mo ti pè yín ni mo ti ń gbọ́ yín ketekete. Mo gbọ́ obìnrin tí ata ẹ̀ ò kúnná. Mo gbọ́ àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ mi.

GÀFÁRÙ: Ìwọ ni kó o gbé ohùn sókè.

MÙTÍÙ: Bàbá wa ńkọ́? Ṣé ẹ rántí? À ń pè wọ́n, wọn ò ní jẹ́ wa. A ní olóríkunkun ni wọ́n. A ní wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá wa bá wọn jà lórí ẹ̀ títí bàbá wa fi kú.

GÀFÁRÙ: Má fi òkú bàbá mi ṣe àpẹẹrẹ.

MÙTÍÙ: Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn.

GÀFÁRÙ: Èèyàn wà nílẹ̀.

MÙTÍÙ: Ẹ pa á, kí ẹ dúró, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá gbọ́ fún mi.

GÀFÁRÙ: Orí rẹ ti yí lóòótọ́.

MÙTÍÙ: Ẹ pa á!

[Ẹ̀rọ ń lọ. Ẹ̀rọ ń lọ. Ó wá fà sẹ́yìn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Àwọn obìnrin bú sígbe pé kí ló tún dé.]

GÀFÁRÙ: Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ jàre, gbogbo yín!

[Wọ́n dákẹ́. Adìẹ kan ń ké níbì kan. Gàfárù ń mí.]

MÙTÍÙ: Bọ̀dá?

[Bẹ́ǹṣì dún bí Gàfárù ṣe jókòó.]

MÙTÍÙ: Bọ̀dá, kí lẹ gbọ́?

GÀFÁRÙ: Mo ti pa á.

MÙTÍÙ: Mo mọ̀.

GÀFÁRÙ: Mo ti pa á, Mùtíù. Kò dákẹ́.

MÙTÍÙ: Ó ti tó ìgbà wo?

GÀFÁRÙ: Mi ò mọ̀. Ó ti pẹ́. Kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn mi. Mo rò pé bí òru ṣe máa ń dún nìyẹn. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ.

MÙTÍÙ: Ẹ wá lọ sọ fún wọn pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ.

GÀFÁRÙ: Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan náà ni!

MÙTÍÙ: Ẹ lọ bá Alájì Roheem. Ẹ ní etí ni, kì í ṣe orí. Tó bá ní báwo lẹ ṣe mọ̀, ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ̀ fún un.

GÀFÁRÙ: Kí n fẹnu ara mi sọ pé tèmi náà ń hó? Wọ́n á ní wèrè ilé wa ti di méjì.

MÙTÍÙ: Kó lọ bi gbogbo àwọn tó ń lọta ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n máa ju méjì lọ. Tí ẹ ò bá lọ, wèrè ni wá, èmi, ẹ̀yin àti Kifayah.

[Obìnrin kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Kifayah, ṣé kò sí wàhálà?" Kò dá a lóhùn. Bóyá kò gbọ́.]

GÀFÁRÙ: Mà á lọ lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi sí ọ.

MÙTÍÙ: Mi ò fẹ́ dúpẹ́. Inú ń bí èmi náà sí yín. Etí mi ṣì ń ta mí.

GÀFÁRÙ: Ó dáa.

[Omi ń dà lọ́dọ̀ Mùtíù.]

GÀFÁRÙ: Mùtíù.

MÙTÍÙ: Bọ̀dá.

GÀFÁRÙ: Tìẹ yẹn. Látìgbà tó o ti wà nídìí ewé yẹn. Ó ti dákẹ́, àbí?

[Mùtíù tún wọ́n omi sára ewé.]

GÀFÁRÙ: Dá mi lóhùn. Ṣé o gbọ́ mi?

MÙTÍÙ: Mo gbọ́ yín, bọ̀dá. Kò dákẹ́. Dókítà ní kì í dákẹ́ mọ́. Ẹ ó kàn máa bá a gbé—

[Ìpè já.]